Eyín Ẹ̀rọ àti Ojú Títì: Ìtàn Bíbó Ọ̀dà àti Kọnkéré, láti Fọlá Àgòrò dé Ọ̀sà Èkó

Bí a bá ń pìtàn ọ̀nà ní Èkó, dídà ọ̀dà ni a máa ń sọ: ta ni ó la ọ̀nà, ọdún wo ni wọ́n da ọ̀dà sí i, ìjọba wo ni ó ṣí i. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ń bìkítà nípa ohun tí wọ́n bó kúrò, tàbí tí wọn kò bó kúrò, kí wọ́n tó da tuntun. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyẹn: irú eyín tí a ń fi sẹ́nu ẹ̀rọ tí ń fá ojú títì, àti bí yíyan eyín náà ṣe kan ẹni tí ń gbé ẹ̀bá títì.

Ẹni tí ó bá rin àwọn òpópónà tí ó wà láàrin Fọlá Àgòrò, Ṣómólú àti Bàrígà yóò rí ilé àtijọ́ tí títì ti ga ju ìloro rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ilé ni ó rì. Ọ̀dà ni wọ́n ń dà lé ọ̀dà. Nígbà tí kò sí ẹ̀rọ ìfátìtì, dígà àti katapílà ni irinṣẹ́ tí ó wà. Dígà kò yá, katapílà a sì máa hú ìpìlẹ̀ ọ̀nà pọ̀ mọ́ ọ̀dà. Ó rọrùn jù kí a da tuntun lé ògbólógbòó. Báyìí ni títì ṣe ń di òkè, tí ilé ń di àfonífojì, tí omi òjò sì ń fi gọ́tà sílẹ̀ wọ iyàrá ìsàlẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé. (Omi àti bébà kì í ṣe ọ̀rẹ́, kò sí atẹ̀wé Ṣómólú tí kò mọ èyí.)

Ní ọdún 1923, Karl Schröter, tí ó ń bá ilé iṣẹ́ Osram ṣiṣẹ́ ní Berlin, rí ọ̀nà tí a fi lè po kábáìdì ti tungsten mọ́ irin mìíràn kí ó lè gbóná gan di eyín. Kì í ṣe kábáìdì tí àwọn wẹ́dà ń bu omi sí ni a ń sọ. Ilé iṣẹ́ Krupp sọ ọ́ ní Widia, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘bíi dáyámọ́ńdì’ ní èdè Jámánì. Láìsí eyín yìí, ẹ̀rọ ìfátìtì kò lè rìn jìnnà. Reinhard Wirtgen, tí ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì ní 1961, gbé ẹ̀rọ tí ń kọ́kọ́ yọ́ ọ̀dà kí ó tó fá a jáde ní 1971. Kí àwọn ọdún náà tó parí, wọ́n ti ń fá a ní tútù. Nígbà tí owó epo gbówó lórí ní 1973, àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀dà àtijọ́ sí ọrọ̀ tí a lè tún lò. Lọ́dọ̀ tiwa, epo kan náà ni ó ń mówó wọlé: tuntun ni a ń dà.

Èrò kan wọ́pọ̀, pé eyín tí ó bá le jù ni ó dára jù. A kò fara mọ́ ọn. Kọnkéré le, ṣùgbọ́n ó ń fọ́. Eyín róbótó oníkábáìdì tí ń jù fìrìfìrì lára ọ̀pá bí àgbá ẹ̀rọ ti ń yí ni ó bá a mu, nítorí lílù ni ó ń lù ú. Oòrùn Èkó a máa mú ọ̀dà rọ̀. Ẹni tí ó bá ń lù ú, yóò kàn máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ eyín. Eyín ṣóńṣó tí ń wọnú rẹ̀ tí ń hú u sókè ni ó yẹ ẹ́, irú èyí tí ń yí nínú ihò rẹ̀ kí ó lè jẹ lọ́gbọọgba. Ti ayùn onídáyámọ́ńdì ni ó tako èrò náà jù lọ. Kọnkéré líle ni a ń fún ní ayùn tí irin rẹ̀ rọ̀, kí irin náà lè tètè jẹ, kí dáyámọ́ńdì tuntun lè yọjú; ọ̀dà, tí iyanrìn inú rẹ̀ ń jẹ irin kíákíá, ni a ń fún ní èyí tí irin rẹ̀ le.

Lórí afárá, àṣìṣe wúwo ju ti òpópónà lọ. Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, gba ojú ọ̀sà kọjá lẹ́yìn Bàrígà lọ sí Òwòròńṣòkí. Ọ̀dà tí a bá dà lé ọ̀dà níbẹ̀ di ẹrù tí afárá yóò máa rù tọ̀sán tòru. Láti oṣù keje 2020 di oṣù kejì 2021, wọ́n ti apá kan rẹ̀ láti pààrọ̀ àwọn oríkèé tí ń jẹ́ kí afárá lè fẹ̀ kí ó sì súnkì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń da ọ̀dà àti kọnkéré pọ̀ lójú kan: a gbọ́dọ̀ gé ọ̀dà, kí a gbẹ́ kọnkéré, kí a má sì ṣe irin inú rẹ̀ léṣe. Láti ìparí 2023 wọ ọdún 2024 ni wọ́n tún ojú afárá náà ṣe.

Ẹ̀rọ ńlá tí ó yẹ afárá kò lè sún mọ́ gọ́tà ní òpópónà tóóró bíi ti Fọlá Àgòrò. Etí títì ni yóò ṣẹ́ kù, ibi tí ọ̀dà ti fara kan kọnkéré gọ́tà. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fọwọ́ tì ni a gbọ́dọ̀ fi parí rẹ̀, pẹ̀lú eyín tí yóò bó ọ̀dà láì fọ́ ẹnu gọ́tà. Bí wọ́n bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dà tí ó kù yóò di ebè, omi kò sì ní rí ọ̀nà wọ gọ́tà, bí ó ti wù kí wọ́n fá àárín títì tó.