Orúkọ Kòkòrò Tí Ń Pa Abiyamọ

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ kì í sábà sọ̀rọ̀ lórí kòkòrò àrùn. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó mú mi dé ìdí rẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìrísí nìkan ni Theodor Billroth, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Vienna, wò ní 1874 tí ó fi pe àwọn kòkòrò roboto tí wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ní streptococcus. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni: ohun tí a lọ́ bí ẹ̀wọ̀n, àti hóró èso.

Ní 1879, Louis Pasteur ya irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ sójú pátákó níwájú àwọn oníṣègùn ní Paris, ó ní òun ni ó ń fa ibà tí ń pa àwọn abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ. Òótọ́ ni ó sọ. Àmọ́ nínú ọ̀fun ẹni tí ara rẹ̀ le, nínú wàrà màlúù, àní nínú wàràkàṣì, ẹ̀wọ̀n kan náà ni a ń bá. Èwo wá ni apànìyàn nínú wọn? Ẹ̀rọ awò kò lè dáhùn. Nígbà tí a sìn wọ́n lórí àwo tí a po ẹ̀jẹ̀ mọ́, àwọn kan jẹ ẹ̀jẹ̀ àyíká wọn títí ibẹ̀ fi mọ́ gaara. Èyí tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn ti màlúù pàápàá, a rí àwọn tí ń jẹ ẹ̀jẹ̀.

Rebecca Lancefield ni ó tú kókó náà, ní Rockefeller Institute ní New York. Ó fi ásíìdì gbígbóná fa èròjà kan jáde lára kòkòrò, ó sì dà á pọ̀ mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ ehoro tí a ti fi irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ gún lábẹ́rẹ́. Bí ẹbí bá pàdé ẹbí, omi tí ó mọ́ a dàrú, nǹkan funfun a sì hàn nínú rẹ̀. Ní 1933, ó pín wọn sí ẹbí márùn-ún, láti A dé E. Lẹ́tà lásán, kò sí àṣehàn kankan nínú rẹ̀! A wá láti ara ènìyàn tí ń ṣàìsàn, B láti ara màlúù àti wàrà.

Ní 1847 ni Ignaz Semmelweis ti ní kí àwọn dókítà Vienna máa fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún. Púpọ̀ kọ̀, nítorí kò lè fi ohun tí ọwọ́ náà ń gbé hàn wọ́n. Ìjábọ̀ Dora Colebrook ní London ní 1935 ṣe é: ó fi irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ehoro yìí fi hàn pé kòkòrò tí ó wà lára abiyamọ a máa bá èyí tí ó wà ní imú tàbí ọ̀fun àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ mu.

Ẹbí B, tí a kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ màlúù, ni a tún rí ní àwọn ọdún 1970 pé ó ń pa ọ̀pọ̀ ìkókó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bí wọn. Lẹ́tà tí Lancefield fún un ni a fi dá a mọ̀.