Ọ̀wọ̀ Onígbàgbọ́ fún Mùsùlùmí: Ìṣílé Mọ́sálásí Shitta-Bey ní 1894

Ìfáàrà

Àwọn òpìtàn a máa kọ ìtàn ìjà ẹ̀sìn ju ti ìrẹ́pọ̀ lọ. Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ ọjọ́ kan ṣoṣo wò, 4 oṣù Keje 1894, kí a sì bèèrè pé: nígbà tí onígbàgbọ́ bá bu ọ̀wọ̀ fún Mùsùlùmí, kí ni ọ̀wọ̀ náà ń ṣe, ibo ni ó sì pin sí? Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjẹ̀bú etí omi, láti Mákùn-Omi lọ, nítorí ọ̀sà ni ọ̀nà wa sí Èkó láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìpìlẹ̀

Ọ̀wọ̀ náà ti ní ìpìlẹ̀ kí 1894 tó dé. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní ìbáṣepọ̀ tí ó dán mọ́rán pẹ̀lú Masaba, Ẹ́míà Núpé. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó fi hàn pé àríyànjiyàn kò so èso rere. Kí a fi pẹ̀lẹ́tù dáhùn láti inú Bíbélì ni ó sàn. Èdè pàápàá jẹ́rìí. “Àlùfáà”, “wòlíì”, “àdúrà” àti “wàásù”, tí ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, ẹnu Mùsùlùmí ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn. A kì í yá ọ̀rọ̀ àdúrà lọ́wọ́ ẹni tí a kà sí aláìmọ Ọlọ́run rárá.

Ọjọ́ Ìṣílé

Mohammed Shitta, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́sálásí náà. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Sanusi Aka sì bá a kọ́ ọ. Gómìnà Carter, ẹni tí ó kó ogun ja Ìjẹ̀bú ní 1892, ni ó ṣe alága. Abdullah Quilliam wá láti Liverpool, ó ṣojú Súlútánì Turkey, a sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá.

Àwọn onígbàgbọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni ó kàn wá jù. J. P. L. Davies wà níbẹ̀, ẹni tí ó fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga C.M.S. Grammar School lọ́wọ́ nígbà ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1859. R. B. Blaize, oníwèé ìròyìn, wà níbẹ̀. Otunba Payne, akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́ gíga Èkó, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí èyí tí ó torí bẹ́ẹ̀ fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nínú wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé òwò àti ipò ni ó gbé wọn débẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: oníṣòwò ńlá ni Shitta, Sàró sì ni ìran púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí òwò nìkan bá ni, ọjà tó. Kò pọn dandan kí wọ́n bá a yọ̀ lórí ilé àdúrà rẹ̀.

Ibi tí Ọ̀wọ̀ náà Pin Sí

Síbẹ̀, ọ̀wọ̀ àwọn àgbà kò dé inú kíláàsì. Ọwọ́ ìjọ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wà. Ẹ̀rù sì ń ba òbí Mùsùlùmí pé a ó yí ọmọ àwọn lẹ́sìn padà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ kò fi rán ọmọ lọ. Ọdún 1896 ni ìjọba tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, Edward Blyden, tí ó ti ṣe òjíṣẹ́ ìjọ Presbyterian rí, sì ṣe akitiyan lórí rẹ̀. Ní 1923 ni àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a rí dì mú ni pé ọ̀wọ̀ tòótọ́ kò béèrè pé kí a da ẹ̀sìn pọ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, Mùsùlùmí ni ó dá Ojúde Ọba sílẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀. Lónìí, onígbàgbọ́ ń bá wọn jó nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ìtàn 1894 kìlọ̀ fún wa: ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni a ti í mọ ìwọ̀n ọ̀wọ̀, kì í ṣe ojú agbo nìkan.