Bí Ìdákọ̀ró Ṣe Di Ohun Tó Ń Walẹ̀

Òkúta ni ìdákọ̀ró àkọ́kọ́. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ létí òkun Mẹditaréníà a lu òkúta níhò, wọn a so okùn mọ́ ọn, wọn a sọ ọ́ sómi. Bó bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe dá ọkọ̀ ró tó.

Nígbà tí irin dé, ìdákọ̀ró di ìkọ́ méjì pẹ̀lú ọ̀pá ìdábùú lókè. Ọ̀pá yìí ló ń yí i kí ìkọ́ kan lè gúnlẹ̀. Ìkọ́ kejì a nà sókè lásán, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: bí ìṣàn omi bá yí padà lóru, tí ọkọ̀ yípo, okùn a lọ́ mọ́ ọn, a fa gbogbo rẹ̀ tu. Ẹni tó sùn sínú ọkọ̀ lè jí lórí àpáta.

Wíwúwo irin náà tún wà níbẹ̀: ọkọ̀ ńlá lérò, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń fà á sókè. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí tọkọtaya ń tù kò ní ju apá àti ẹ̀yìn wọn lọ. Geoffrey Ingram Taylor, onímọ̀ físíìsì ní Cambridge, mọ ìyẹn dáadáa; ní 1927, òun àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ wọn, Frolic, tó lọ dé erékùṣù Lofoten ní Norway. Ní 1933 ó gbé ìdákọ̀ró tuntun jáde, tó rí bí irin ìtúlẹ̀ àgbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sùn tó bá délẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fà á, ẹnu rẹ̀ a bu ilẹ̀ jẹ, a dìde, a wọlẹ̀ ṣinṣin. Oríkèé tó wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kó tu bí ọkọ̀ bá yípo. CQR ni wọ́n pè é: ẹni tó bá yára pe lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lédè Gẹ̀ẹ́sì á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "fìdí múlẹ̀".

Wíwọlẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe wíwúwo. Orúkọ tí Yorùbá ń pe irinṣẹ́ yìí, ìdákọ̀ró, kò kúkú sọ pé kó wúwo. Kó ṣáà ti dá ọkọ̀ ró.

Kò pẹ́ tí ìdákọ̀ró ti Richard Danforth dé ní Amẹ́ríkà, abẹ́ fẹ̀ǹfẹ̀ méjì, tí ọkọ̀ ogun tó ń gúnlẹ̀ sétí òkun lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó dára nínú yanrìn àti ẹrẹ̀. Lórí àpáta, yíyọ̀ ló ń yọ̀.

Ohun kan ṣáá ni gbogbo wọn ń fẹ́: kí okùn fà wọ́n ní ìbúlẹ̀, kì í ṣe sókè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so ṣéènì mọ́ ìdí okùn, tí okùn sì ń tó ìlọ́po méje jíjìn omi pẹ̀lú gíga iwájú ọkọ̀ sómi. Níbi tí omi ti jẹ́ mítà mẹ́rin, tí iwájú ọkọ̀ fi mítà kan ga sómi, mítà 35 ni. Wọn kì í ju ìdákọ̀ró sómi. Wọ́n ń rọra sọ ọ́ kalẹ̀ ni, kí ọkọ̀ máa fà sẹ́yìn. Atukọ̀ a wá gbé ọwọ́ lé okùn: bó bá ń gbọ̀n, ìdákọ̀ró ń wọ́ nílẹ̀ nìyẹn.

Taylor kú ní 1975. Ìdákọ̀ró rẹ̀ ṣì wà níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́.