Òǹwòran Pólò Láàárín Ọgbà Àjàrà

Ní agbègbè Sonoma, ní àríwá ìpínlẹ̀ California, ọgbà àjàrà tẹ́ rẹrẹ láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè dé ìsàlẹ̀ àfonífojì. Nígbà ooru, àwọn èèyàn a gbé oúnjẹ àti wáìnì wá sí etí pápá láti wo eré pólò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ni pé owó ló so eré yìí mọ́ wáìnì: olówó ní ń gun ẹṣin pólò, olówó náà ní ń mu wáìnì tó wọ́n. Àlàyé yẹn kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Bí a bá tọ ipasẹ̀ òǹwòran láti ìgbà tí ìtàn eré náà ti hàn gbangba, a ó rí i pé ilẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti fẹ̀, tí agbára kan sì ń dáàbò bò ó, ibẹ̀ ni òǹwòran ti ń rí pólò wò. Ibi tí ilé àti títì bá ti gba ilẹ̀, eré náà a di ìtàn.

Pápá tí òfin pólò fàyè gbà lè gùn tó 300 yáàdì, kí ó sì fẹ̀ tó 200. Pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ bíi méje lè wọ inú rẹ̀. Eléré mẹ́rin ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹṣin a sì máa sá eré àsápajúdé débi pé, lẹ́yìn apá eré kọ̀ọ̀kan tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méje lọ, eléré a pààrọ̀ ẹṣin. Irú eré báyìí kò ṣeé há mọ́ àgbàlá. Àwọn ọba Páṣíà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Shah Abbas Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbàgede Naqsh-e Jahan sí ìlú Isfahan ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n ri òpó òkúta mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì fún góòlù pólò. Ọba àti àwọn àlejò rẹ̀ a máa wòran láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ààfin Ali Qapu. Ọjà sì yí gbàgede náà ká. Àwọn òpó náà ṣì dúró níbẹ̀ dòní. Ní Manipur, ní ìlà-oòrùn Íńdíà, àwọn ará abúlé pàápàá ń gbá a. Lọ́dọ̀ àwọn ará Manipur ni àwọn òyìnbó tó ń gbin tíì àti àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ọ, tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ pólò Silchar sílẹ̀ ní 1859, tí ti Calcutta sì tẹ̀ lé e ní 1862.

Láti Íńdíà ni pólò ti dé ìlú òyìnbó. Ní 1869, àwọn ológun agẹṣin gbá a ní Hounslow lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, kò sì pẹ́ tí ẹgbẹ́ Hurlingham ní Lọ́ńdọ̀nù fi di ojúkò eré náà. Ní 1876, James Gordon Bennett kékeré, ẹni tó ni ìwé ìròyìn New York Herald, gbé e dé New York. Pápá tí wọ́n ń pè ní Polo Grounds kò dúró fún pólò pẹ́: ní 1880 àwọn eléré baseball ti gbà á, ní 1889 ìjọba ìlú sì la títì gba àárín rẹ̀. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wọ́ lọ sí Meadow Brook ní Long Island láti wòran. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Berlin ní 1936, Ajẹntínà fi góòlù 11 sí òdo na Gẹ̀ẹ́sì lójú ọ̀pọ̀ èrò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, títì ọkọ̀ gba ilẹ̀ Meadow Brook, ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù sì gba pápá pólò Hurlingham. Òǹwòran kọ́ ló kọ eré náà sílẹ̀. Ilẹ̀ ló bọ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Ìdí nìyí tí ilẹ̀ àjàrà fi ṣe pàtàkì. Ní 1968, ìjọba agbègbè Napa ní California ṣe òfin tó ya ilẹ̀ àfonífojì sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, kí àwọn oníṣòwò ilé má baà gé e wẹ́wẹ́. Nígbà tí wáìnì Napa wá borí ti Faransé nínú ìdíje ìtọ́wò kan ní 1976, níwájú àwọn ọmọ Faransé tó mọ adùn wáìnì, ní Paris, àgbẹ̀ rí ìdí míràn tí kò fi yẹ kó ta ilẹ̀ rẹ̀. Ní Sonoma tó múlé gbè é, ọ̀gbẹ́ni Henry Trione, onílé ìfowópamọ́ tó ń gbá pólò, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ Annadel lè di ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba. Ìdílé rẹ̀ náà ló ni ilé iṣẹ́ wáìnì Geyser Peak nígbà kan. Ẹni kan náà ló bìkítà fún ẹṣin, fún àjàrà àti fún ilẹ̀. Bákan náà ni ti Los Angeles. Pápá tí òṣèré Will Rogers ń lò di ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní 1944, ìyẹn ló jẹ́ kí ilé iṣẹ́ wáìnì Veuve Clicquot rí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe agbátẹrù ìdíje pólò ní 2010.

Ẹnì kan lè ní ṣebí pápá Palermo ṣì wà láàárín ìlú Buenos Aires láti 1928, àti pé ẹgbẹ́ pólò Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1904, ṣì ń gbá eré rẹ̀ ní Ìkòyí láàárín àwọn ilé ńláńlá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí méjèèjì ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ilẹ̀ ológun ni ti Palermo, Ìkòyí sì jẹ́ agbègbè tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó. Níbi méjèèjì, alágbára kan ló di ilẹ̀ mú. Ohun tí ọba ṣe ní Isfahan, tí ológun ṣe ní Palermo, òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọgbà ìjọba ló ń ṣe é ní California.

Àwọn míì á ní àwọn òǹwòran tó wà nínú ọgbà àjàrà kì í wo eré rárá, pé aṣọ àti wáìnì nìkan ni wọ́n bá wá. Àwọn bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, owó ìwọlé ibòmíì sì ń lé mẹ̀kúnnù sẹ́yìn, èyí tí kò dára. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìdajì eré. Àwọn òǹwòran a wọ inú pápá, wọn a sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn koríko tí pátákò ẹṣin ti hú padà sáyè wọn, kí ilẹ̀ lè tẹ́jú, kí ẹṣin má baà kọsẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ìwọ̀nba eré ìdárayá ló wà tí òǹwòran ti ń bá wọn tún pápá ṣe báyìí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ náà rí pólò wò kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ife ẹ̀yẹ àti agbátẹrù. Kó lọ síbi tí wọ́n ti ń jíròrò òfin ilẹ̀, kó bèèrè ẹni tí pápá wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀, kó sì jà fún àyè tí mẹ̀kúnnù á ti lè dúró wòran láìsan owó ńlá.