Òkúta Tó Ń Tún Omi Ṣe
Ní Alápòtí, mo bá ọ̀rẹ́ mi tó ń fi korobá bu omi iyọ̀ sókè sódò nínú àpótí dígí tuntun tó fẹ́ fi sin ẹja òkun. Ẹ̀rín pa mí. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ Anna Thynne ṣe ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1846 nìyẹn: ojoojúmọ́ ló ń da omi lójú fèrèsé, kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́, kí iyùn ààyè tí ọ̀gá rẹ̀ gbé wá láti Torquay má baà kú. Ẹ gbọ́ ìyà! Lọ́dún 1847 ni Ìyáàfin náà ránṣẹ́ kó òkúta àti koríko òkun. Ní 1961, Lee Chin Eng ará Indonéṣíà kọ̀wé pé òkúta òkun tí ohun ẹlẹ́mìí kún ara rẹ̀ ló ń tún omi ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ ṣa tèmi ní Bàdágìrì ni?”

Yanrìn lásán ni tibẹ̀! Mo ní kó wá òkúta, kó fi sómi lọ́sẹ̀ mélòó kan kó tó ra ẹja. Ó ti ra mẹ́ta.