Ọwọ́ Tó Ń Bo Iṣu

Bí iṣu ẹni bá funfun, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Ẹni tí nǹkan ń ṣẹnuure fún ni àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún pé kó má fọ́nnu, àmọ́ ahun ti sọ ọ́ di àwíjàre. Kó gbé e dé Kika lọ́jọ́ ọdún Iléyá, lábẹ́ Tchaourou ní ilẹ̀ Benin, ká wo bí yóò ṣe fọwọ́ bo iyán. Odó kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ọmọ odó mẹ́ta bá ti ń ró nínú odó kan, agbolé kejì ti gbọ́.

Lójú tèmi, oko ni ìtumọ̀ òwe yìí ti jinlẹ̀ jù. Laboko ni iṣu tí wọ́n fẹ́ràn fún iyán lágbègbè yẹn, ó sì ń tètè ta. Ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ, àgbẹ̀ á rọra tú ẹ̀gbẹ́ ebè, á gé iṣu lábẹ́ orí rẹ̀, á fi orí àti gbòǹgbò sílẹ̀ lára ìtàkùn, á wá fi erùpẹ̀ bò ó padà. Ìtàkùn ò ní kú. Orí yẹn á tún bí iṣu kéékèèké tí wọ́n á wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun sì ni èbù ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ìkánjú ọdún fa gbòǹgbò já ti gún èbù mọ́ iyán.

Ní Savalou, ní ilẹ̀ Benin kan náà, 15 oṣù kẹjọ ni ọdún iṣu titun, kì í yẹ̀. Iléyá ò rí bẹ́ẹ̀: òṣùpá ló ń tẹ̀lé, ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Ní 2020, ìparí oṣù keje ló bọ́ sí, iṣu titun ti ń jáde. Ní 2025, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni, nígbà tí iṣu titun ṣì wà nínú ebè. Iṣu ògbólógbòó tí wọ́n fi pamọ́ sínú àká nìkan ló lè gbà wọ́n nírú ọdún bẹ́ẹ̀, ìyẹn bí àlejò ò bá tíì jẹ ẹ́ tán.

Wàrà tí wọ́n ń fi jẹ iyán náà tún ńkọ́? Ewé bọmubọmu ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú wàrà dì, wọ́n á fi pòròpórò ọkà bàbà sè é kó lè pupa, kó sì pẹ́ nílẹ̀. Ọjà tó ṣáájú ọdún ni ìyàwó ilé tó gbọ́n ti ń rà á, torí lọ́jọ́ Iléyá gan-an, àwọn Fúlàní náà wà nílé, wọ́n ń ṣọdún tiwọn.