Àwọn Áyọ́ọ̀nù Alágbára Nínú Ìjì Òòfà Ayé: Ohun Tí Àwọn Ọkọ̀ Òfuurufú Fi Hàn Wá

Nígbà tí oòrùn, ọba tí ẹnì kan kì í tẹjú mọ́, bá bínú, tí ó sì rán afẹ́fẹ́ gbígbóná rẹ̀ wá kọlu gbàgede òòfà tí ó yí ayé wa ká, àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn òòfà ní Hermanus ní Gúúsù Áfíríkà, ní Kakioka ní Japan, ní Honolulu àti ní San Juan a máa fi hàn pé agbára òòfà ilẹ̀ ti dín kù. Láti inú àkọsílẹ̀ ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣírò òṣùwọ̀n ìjì tí wọ́n ń pè ní Dst. Òrùka iná mànàmáná ni ó ń fa àdínkù yìí: àwọn áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tí ó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù) ń yí ayé ká lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń yí i ká lọ sí ìlà-oòrùn. Alexander Dessler àti Eugene Parker fi ìṣirò hàn ní 1959 pé ẹni tí ó bá mọ bí òòfà ti dín kù tó lè mọ àpapọ̀ agbára tí àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí gbé; ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò lè sọ ìran tí wọ́n ti wá.

Sátẹ́láìtì Explorer 45, tí wọ́n ta sókè ní oṣù kọkànlá 1971 láti orí ibùdó San Marco nínú òkun Kenya, wọn agbára àwọn áyọ́ọ̀nù òrùka náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè ya ìran kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà nígbà náà pé prótọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ oòrùn ni wọ́n. Ní 1972 ni Edward Shelley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé sátẹ́láìtì kan tí ń gba òkè igun ayé kọjá rí ọ́ksíjìn alágbára nígbà ìjì oṣù kejìlá 1971. Ọ́ksíjìn tí ó bá ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá a máa ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà tàbí méje; èyí tí wọ́n rí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sọnù lára rẹ̀, nítorí náà inú afẹ́fẹ́ ayé wa gan-an ni ó ti jáde. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Síbẹ̀ ó di ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú AMPTE gbéra ní oṣù kẹjọ 1984 kí ẹ̀rọ kan tó lè yẹ ìdílé àwọn áyọ́ọ̀nù wò ní ibi tí agbára òrùka pọ̀ sí jù. Ẹ̀rọ CHEM tí ó wà nínú rẹ̀ a máa fi agbára iná mànàmáná tẹ ọ̀nà áyọ́ọ̀nù, a jẹ́ kí ó gba inú awẹ́ kábọ́ọ̀nù tín-ín-rín kọjá, a ka àkókò ìrìn rẹ̀, a sì wọn agbára tí ó fi balẹ̀. Láti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ìwọ̀n rẹ̀ àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó pàdánù ti ń hàn. Nígbà tí ayé bá tòrò, prótọ́ọ̀nù ni olórí. Ṣùgbọ́n ní gbígbóná ìjì ńlá oṣù kejì 1986, ọ́ksíjìn gba ipò iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Sátẹ́láìtì CRRES rí irú rẹ̀ nínú ìjì oṣù kẹta 1991.

Àríyànjiyàn tí ó kù ni ti bí òrùka ṣe ń tètè rọ lẹ́yìn ìjì ńlá. Àwọn kan ní ọ́ksíjìn a máa já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára háídírójìn tí ó bo ayé, òòfà kò sì ní lè dè é mọ́. Àwọn mìíràn ní ńṣe ni áyọ́ọ̀nù ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sán. Ọkọ̀ IMAGE, tí ó gbéra ní oṣù kẹta 2000, ya àwòrán àwọn tí ó já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fi hàn pé nígbà tí ìjì bá ń le, òrùka náà kò tíì pé: ẹ̀gbẹ́ òru ni ó kì sí. Ní tèmi, èyí gbe àwọn ti ìkẹyìn lẹ́sẹ̀, nítorí òrùka tí kò tíì pàdé ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí áyọ́ọ̀nù lè gbà jáde. Ìgbà tí ó bá pàdé tán ni iṣẹ́ háídírójìn tó gbilẹ̀.